Èmi Olóúnjẹ, N Kò Mọ Bí Wọ́n Ṣe Ń Bọ́ Aláìsàn

Ọkà ni mò ń tà. Ẹni tó bá mọ Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi táwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH pọ̀ sí bí eṣú, á mọ irú bùkà tí mò ń sọ: bẹ́ǹṣì mẹ́rin, ìkòkò gbẹ̀gìrì, ìkòkò ewédú, àti àwọn ọmọ tó ń pariwo pé "Màmá, ẹ fi kún un!" Fífi kún un yẹn gan-an niṣẹ́ mi. Bí èèyàn bá jẹun lọ́dọ̀ mi tí kò tú bẹ́líìtì, inú mi kì í dùn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí Bàámi bẹ̀rẹ̀ sí í fi oúnjẹ sílẹ̀ nínú abọ́, ohun tí mo kọ́kọ́ rò ni pé ọbẹ̀ mi ni kò dùn mọ́.

Bàámi kì í ṣe ẹni tó ń fi oúnjẹ ṣeré. Awakọ̀ lọ́rì ni wọ́n, ọ̀nà Òkè Ọya ni wọ́n ná fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Oríkì ìlú wa ní ọmọ Ajílété ni wá, níbi tí wọ́n gbé ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan. Bàámi kò fi oríkì yẹn kọrin lásán, wọ́n ń ṣe é ni: ọkà á kọ́kọ́ wọlé, ẹ̀kọ á tẹ̀ lé e. Ìgbà tó wá di pé òkèlè márùn-ún péré, wọ́n á ní àwọn ti yó, a ní ulcer ni. Ọdún kan gbáko la fi ra oògùn ulcer ní kẹ́míìsì, èyí funfun tó ki bí ẹ̀kọ, àti oníkápúsù. Inú á rọ̀ wọ́n lọ́sẹ̀ méjì, á tún gbé e dé.

Bẹ́líìtì wọn ló yẹ kó là wá lójú. Mo bá ìṣó àti òòlù lórí tábìlì wọn lọ́jọ́ kan, mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń kàn. Wọ́n ní àwọn ń lu ihò sí bẹ́líìtì ni. Mo gbà á lọ́wọ́ wọn, mo ka ihò tó yàtọ̀ sí ti ilé iṣẹ́. Ó pé mẹ́rin. Kẹ́míìsì tó ń ta oògùn fún wa kò rí bẹ́líìtì yẹn, àwa tí à ń gbé pẹ̀lú wọn náà kò sì wò ó. Kí àgbàlagbà máa yó kíákíá, kó máa rù, kí inú sì máa ro ó, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ kò yẹ lóhun tí à ń fi ọdún kan ra oògùn sí.

Ìbàdàn la ti mọ̀. Wọ́n ti rọ́bà tó ní kámẹ́rà lórí gba ọ̀nà ọ̀fun wọn, wọ́n bù díẹ̀ lára ẹran inú lọ yẹ̀ wò. Jẹjẹrẹ àpòlúkù ni. Mo ti gbọ́ ti ọmú, mo ti gbọ́ ti ilé ọmọ lórí rédíò, ti àpòlúkù ni n kò gbọ́ rí.

Wọ́n gbé Bàámi sórí ìwọ̀n: kílò 58. Káàdì tí wọ́n fi yẹ ojú wò ní bí oṣù mẹ́fà sẹ́yìn ní kílò 71. Dókítà kékeré kan tó ń tọ́jú wọn gbé káàdì méjèèjì lé ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó ní iṣẹ́ abẹ á wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́sẹ̀ yìí. Ó ní ẹni tó bá ti pàdánù ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ara rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà, bí a bá la inú rẹ̀ báyìí, ojú abẹ lè kọ̀ láti jiná, ibi tí wọ́n so pọ̀ lè tú, àìsàn mìíràn á sì rí ọ̀nà wọlé. Ó fún wa ní ọjọ́ mẹ́rìnlá. Iṣẹ́ wa ni ká fún Bàbá lóúnjẹ.

Bàbá Kékeré, àbúrò Bàámi, fò dìde. "Ilé ń jó, ẹ ní ká lọ jẹun ná!" Wọ́n ní owó ni àwọn dókítà ń wá. Wọ́n tún bi dókítà pé ẹni tí wọ́n bá gé gbogbo àpòlúkù rẹ̀ dànù, ibo ni oúnjẹ rẹ̀ á máa lọ, ṣé ẹnì kan ti ṣe irú ẹ̀ rí? Ọmọ yẹn kò bínú. Ó ní lọ́dún 1897, ní ìlú Zurich, oníṣẹ́ abẹ kan tó ń jẹ́ Carl Schlatter gé gbogbo àpòlúkù obìnrin kan, ó so ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́ ìfun, obìnrin náà jí, ó jẹun, ó sì lo oṣù bíi mẹ́rìnlá. "Oṣù mẹ́rìnlá péré?" Dókítà ní ayé ìgbà yẹn nìyẹn. Bàámi tí wọn kò tíì sọ nǹkan kan láti àárọ̀ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Obìnrin yẹn jẹun, àbí kò jẹun?"

Obìnrin kan tó ń rí sí oúnjẹ àwọn aláìsàn ni wọ́n rán wa sí. Ó bi mí pé kí ni Bàbá jẹ lánàá. Mo ní ẹ̀kọ, lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ìgbéraga, torí ẹ̀kún ife ńlá ni. Ó ní kí n fi ṣíbí ṣàpèjúwe iye ògì tí mo pò sínú ife kan. Ṣíbí mẹ́ta. Ìyókù ń kọ́? Omi. "Màmá, omi lẹ ti ń fún Bàbá látàná." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun. Èmi tí mo ń bọ́ ọgọ́rùn-ún ọmọ lójúmọ́!

Ó wá ṣírò fún mi lẹ́yìn ìwé. Púrótéènì, ìyẹn èròjà tí ara fi ń tún ara ṣe, kílò kọ̀ọ̀kan ara Bàámi fẹ́ gíráàmù kan àti ààbọ̀ lójúmọ́. Kílò 58, gíráàmù 87. Ẹyin kan ní bíi gíráàmù mẹ́fà. Mo kà á lọ́kàn mi: ẹyin mẹ́rìnlá, ó lé díẹ̀. Mo ní ta ló máa jẹ ẹyin mẹ́rìnlá lójúmọ́ nínú ẹni tí òkèlè márùn-ún ti yó? Ó ní ohun tó fi pè mí nìyẹn: gbogbo ṣíbí tó bá wọ ẹnu Bàbá gbọ́dọ̀ ru ẹrù. Àyè tó kù nínú wọn kò tó èyí tí a lè fi omi dí.

Bí a ṣe ṣe é nìyí. Mo gé omi kúrò nínú ẹ̀kọ, mílíìkì sóyà ni mo fi ń sè é. Bó bá ń hó, mo lu ẹyin kan sí i, mo rò ó kí ó má baà dì, mo bu ẹ̀pà lílọ̀ ṣíbí kan àti mílíìkì lẹ́búlẹ́bú lé e. Mọ́ínmọ́ín tí mo sè fún wọn, epo àti edé inú rẹ̀ pọ̀ ju ti títà lọ. Mo se ẹja àrọ̀, mo yọ egungun rẹ̀, mo gún un mọ́ ọbẹ̀. Wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń kiri, èyí tí àwa ń dín jẹ bí ìpápánu, mo gé e wẹ́wẹ́ sí abọ́ kékeré lẹ́bàá ibùsùn wọn. Wákàtí méjì méjì ni, ebi ń pa wọ́n o, ebi kò pa wọ́n o. Bàámi ní, "Àmọ̀kẹ́, oògùn lo sọ oúnjẹ dà." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Àwọn ará ilé ní tiwọn gba dírípù gbọ́ ju oúnjẹ lọ. Bàbá Kékeré ti bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ pé kó máa wá fa omi sí Bàámi lára nílé, kí ara wọn lè le. Mo bi obìnrin olóúnjẹ aláìsàn yẹn léèrè. Ó ní àpò dírípù kan tí wọ́n kọ 5% sí lára, tó jẹ́ ìlàjì lítà, ṣúgà gíráàmù 25 ló wà nínú rẹ̀. Mo délé, mo ka kóró ṣúgà márùn-ún sínú pẹrẹsẹ, mo gbé e síwájú Bàbá Kékeré. Mo ní, "Ẹ wò ó, sà, dírípù náà nìyí." Wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní ṣúgà yìí náà ni? Wọn kò dárúkọ dírípù mọ́.

Aládùúgbò kan tún fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé ká má fún wọn lẹ́ran, ká má fún wọn lẹ́yin, torí jẹjẹrẹ ni à ń bọ́. Mo fi han dókítà. Ó ní, "Màmá, tí ẹ bá fẹ́ fi ebi pa jẹjẹrẹ, Bàbá ni yóò kọ́kọ́ kú." Ẹgbẹ́ ìyá nínú ìjọ fẹ́ kí Bàámi gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta kó tó dọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá wa gbà á. Wọ́n sì gbà á, Ọlọ́run á san án fún wọn.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rìnlá, kílò kan àti díẹ̀ ló lé. Ojú tì mí, mo rò pé dókítà á ní n kò ṣiṣẹ́. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní òun kò wá ọ̀rá, pé Bàbá fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wọlé ló wu òun.

Ibi tí inú ti bí mi ni ọjọ́ iṣẹ́ abẹ gan-an. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n dá. Láti aago mẹ́wàá alẹ́ Ajé, wọ́n ní kí Bàámi má fi nǹkan kan kan ẹnu, àní omi. Ó di aago méjì ọ̀sán, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fẹ́ lò kò tíì délẹ̀, kí wọ́n jẹun, ó di Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́bọ̀ pé, ebi tún pa wọ́n títí di ìrọ̀lẹ́, àwọn mìíràn ló gba tíátà, yàrá iṣẹ́ abẹ. Oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fi ṣíbí kó jọ, ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ń jò ó dànù! Nígbà tí wọ́n dá ọjọ́ kẹta, mo wá dókítà tó ń fi oògùn kun èèyàn lóorun lọ fúnra mi. Mo bi í bóyá ẹnu Bàámi gbọ́dọ̀ gbẹ tó báyẹn. Ó ní rárá o: oúnjẹ tó le, wákàtí mẹ́fà, omi lásán, wákàtí méjì ṣáájú oorun ti tó, nígbà tí jẹjẹrẹ wọn kò tíì dí ọ̀nà ìsàlẹ̀ àpòlúkù. Ó kọ ọ́ sínú fáìlì. Òfin aago mẹ́wàá alẹ́ yẹn, àwọn tó ń pa á mọ́ ní wọ́ọ̀dù bá a níbẹ̀ ni. Láti ìgbà yẹn ni mo ti mọ̀ pé ó yẹ kéèyàn béèrè, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kó sì tún béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i.

Wọ́n gé gbogbo àpòlúkù náà. Wọ́n fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sílẹ̀ lára ikùn wọn, tó wọ inú ìfun tààrà, ibẹ̀ ni oúnjẹ olómi bẹ̀rẹ̀ sí í gbà láti ọjọ́ kejì. Nọ́ọ̀sì ń jẹ́ kó máa kán tó, tó, bí òjò tó ti dá tó kù sórí páànù. Èmi ń wò ó, ara mi ń bù máṣọ. Oúnjẹ kọ́ nìyí. Lọ́jọ́ kẹrin, nígbà tí nọ́ọ̀sì kọjá sí ẹ̀gbẹ́ kejì, mo yọ ìgò kan nínú báàgì mi. Ọbẹ̀ ẹja ni, mo ti lọ̀ ọ́ ní blender lẹ́ẹ̀mẹta, mo ti sẹ́ ẹ. Mo fà á sínú sírínjì, mo tì í. Àkọ́kọ́ wọlé. Èkejì wọlé. Ẹ̀kẹta kọ̀. Mo fi àtàǹpàkò méjèèjì tì í, kò mì. Bàámi di ikùn mú. "Àmọ̀kẹ́, kí lo fún mi?"

Ìdajì wákàtí ni nọ́ọ̀sì fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ bá rọ́bà yẹn jà kó tó là. Bàámi yàgbẹ́ gbuuru títí ilẹ̀ fi mọ́. N kò tíì tijú tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Nọ́ọ̀sì kò pariwo, ìyẹn ló tún burú jù. Ó mú mi jókòó, ó ní àpòlúkù ni yàrá tí oúnjẹ ń dúró sí, òun ló máa ń tú u sílẹ̀ fún ìfun díẹ̀díẹ̀. Ìfun kò ní yàrá, ó kàn ní ọ̀nà ni. Bí o bá da ẹrù lọ́rì kan sí ojú ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà, ṣé ọkọ̀ á kọjá? Ó kọ́ mi bí mo ṣe máa ti omi mílílítà 30 sí rọ́bà náà kí oúnjẹ tó wọlé, kí n tún ti òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Oúnjẹ tí ilé ìwòsàn bá fún mi nìkan ni mo ń lò láti ọjọ́ yẹn, ìgò ọbẹ̀ mi kò bọ́ sílẹ̀ ní báàgì mọ́.

A délé. Bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, àwọn mọ̀lẹ́bí wá kí wọn, wọ́n gbé malt àti kọ́sítáàdì wá. Bàámi mu kọ́sítáàdì tó dùn, wọ́n fi ìgò malt kan lé e, gbogbo ilé ń yọ̀ pé Bàbá ti ń jẹun. Kò pé ogún ìṣẹ́jú. Òógùn bò wọ́n bí ẹni òjò pa, àyà wọn ń lù kì kì kì, ojú ń ṣú wọn, inú ń kùn, wọ́n ní kí n yára gbé wọn dé ilé ìgbẹ́. Bàbá Kékeré kígbe pé wọ́n ti ta ẹ̀gbọ́n àwọn lọ́fà. Ẹnì kan ti ń wá nọ́ńbà pásítọ̀. Mo wọ yàrá, mo pe obìnrin olóúnjẹ aláìsàn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: "Kí ni wọ́n jẹ?"

Ọ̀rọ̀ yàrá náà ló tún padà. Ohun adùn olómi kò rí ibi dúró, ó já lu ìfun lẹ́ẹ̀kan, omi ara sáré lọ pàdé rẹ̀ níbẹ̀, ìyẹn ló fa òógùn àti àyà jíjá. Ó ní kí n dá wọn dùbúlẹ̀, yóò lọ, ó sì lọ. Ó kìlọ̀ fún mi pé oríṣi kejì wà, tó ń dé lẹ́yìn wákàtí kan sí mẹ́ta, nígbà tí ara bá gbá ṣúgà náà wọlẹ̀ jù: ọwọ́ á máa gbọ̀n, ọ̀rọ̀ á máa dàrú. A rí ìyẹn náà lẹ́ẹ̀kan. Ọfà kan tó ń ta Bàámi ni malt.

Nítorí náà, pẹrẹsẹ kékeré ni mo fi rọ́pò abọ́ wọn. Ẹ̀ẹ̀meje lójúmọ́, fóònù mi ló ń dún sí i, àwọn oníbàárà mi náà ti mọ ìró rẹ̀, wọ́n á ní "Màmá, Bàbá ti fẹ́ jẹun." Ohun líle ni wọ́n kọ́kọ́ ń jẹ, kò gbọdọ̀ sí omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí wọ́n tó mu nǹkan. Mílíìkì màlúù ń mú wọn yàgbẹ́ gbuuru, a padà sí sóyà. Lálẹ́, ìrọ̀rí mẹ́ta ni wọ́n ń gbé orí lé, torí bí wọ́n bá sùn gbalaja, omi kíkorò á gòkè wá sí ọ̀fun. Lẹ́yìn náà wọ́n gba chemo, ìyẹn oògùn jẹjẹrẹ, ẹnu wọn korò bí irin, ohun gbogbo tún lọ sílẹ̀. N kò fẹ́ máa rántí oṣù yẹn púpọ̀.

Ṣùgbọ́n ọkà ni ẹjọ́ wa tó le jù. Kí èèyàn tó lè mọ̀ bó ṣe le tó, ẹ wo bí àwa ṣe ń jẹ ẹ́: òkèlè kì í ṣe ohun tí à ń rún. A ń gbé e mì ni. Ewédú tiẹ̀ wà níbẹ̀ kó lè máa yọ̀ lọ. Ọmọ tó bá ń rún ọkà lẹ́nu, ìyá rẹ̀ á na án. Gbogbo iṣẹ́ tí eyín kò ṣe, àpòlúkù ló ń ṣe é. Ẹni tí kò wá ní àpòlúkù ńkọ́? Obìnrin yẹn ní kò sí oúnjẹ Yorùbá tí Bàbá kò lè jẹ, àmọ́ ẹnu ni yóò máa ṣe iṣẹ́ àpòlúkù wọn báyìí. Bàámi ní rírún ọkà kẹ̀? Wọ́n ní ó sàn káwọn má jẹ ẹ́ mọ́. Oṣù mẹ́ta ni wọn kò jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ kan mo kàn rọ èyí tí kò ju ìkúùkù ọmọ ọwọ́ lọ, ó rọ̀ dáadáa, mo bu ẹran tí mo gún sí i, mo gbé e kalẹ̀, mo jáde. Nígbà tí mo yọjú, ojú wọn wà ní pípadé, àgbọ̀n wọn ń ṣiṣẹ́ bí ti ewúrẹ́.

Abẹ́rẹ́ ni ìjà tó kù. Pupa ni, bíi sóbò. Àpòlúkù ló ń ṣe ohun tó ń jẹ́ kí ara rí fítámì B12 mú nínú oúnjẹ, nígbà tí kò sí mọ́, abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́ta mẹ́ta ló kù, títí ayé. Ẹ̀dọ̀ èèyàn máa ń ní ìpamọ́ tó lè gbé e fún ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tó fi rọrùn láti dáwọ́ dúró: ara á ṣì le, títí ìpamọ́ á fi tán, ẹ̀jẹ̀ á wá gbẹ, ẹsẹ̀ á máa kú. Gbogbo ìgbà tí ọjọ́ rẹ̀ bá pé ni Bàámi ń ní ìpàdé lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ awakọ̀.

Kílò 51 ni wọ́n rù dé kó tó dúró. Wọ́n wà ní 55 báyìí, ó ti tó oṣù mẹ́fà tí kò yẹ̀. Dókítà ní ká má wá 71 mọ́. A ra bẹ́líìtì tuntun.

Lọ́jọ́ Sátidé wọ́n máa ń wá jókòó sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ní bùkà mi. Mo gbé pẹrẹsẹ wọn fún wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọkùnrin kan tó jókòó sí ìdojúkọ wọn wò wọ́n títí, kò lè mú un mọ́ra: "Bàbá, ẹ̀ ń rún ọkà bíi gúgúrú!" Bàámi kò dá a lóhùn títí wọ́n fi gbé ti ẹnu wọn mì. Wọ́n ní, "Rọra máa gbé tìẹ mì, ọmọ mi." Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n nu ọwọ́, wọ́n wo ọ̀dọ̀ mi. "Àmọ̀kẹ́, ẹ̀kọ mi dà?"

Mo wo fóònù. Mo ní ó ku ìṣẹ́jú méjìdínlọ́gbọ̀n, sà.

Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n yí ojú sí títì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka mọ́tò tó ń kọjá.